Obìnrin tí Kì í Lo Òṣùká

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ní Petit Marché, ọjà wa ní Niamey níbí, ò sọ ọ́ dáadáa. Èmi Ànísátù ni mo jókòó ti Hàwáù láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn títí tó fi parí. Ọwọ́ mi ló dì mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára débi pé ojú ibẹ̀ ṣì pọ́n lọ́jọ́ kejì.

Ó ti lé lógún ọdún tí àtẹ èmi àti ti Hàwáù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi ń ta ilá gbígbẹ, òun ń ta ìṣápá àti atalẹ̀. Kò sí oníṣápá tó mọ́ tó o ní ọjà yẹn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣà á. Ẹ ò ní bá igi níbẹ̀, ẹ ò ní bá erùpẹ̀. Àdúgbò Kalley ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ìlọrin ni àwọn baba ńlá wa ti wá, àmọ́ ìgbà mélòó ni àwa fúnra wa dé Ìlọrin? Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, lásìkò Iléyá. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Ìlhàm, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣì ń rákò. Ìṣápá yẹn ló fi tọ́ ọmọ náà, tó fi rán an lọ síléèwé Faransé, ọmọ sì ti ń ta oògùn nílé oògùn ńlá kan báyìí. Ẹ̀rín ò jìnnà sẹ́nu Hàwáù tẹ́lẹ̀. Ọdún yìí ni nǹkan yí padà.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: yìgì Ìlhàm. Àbdùlbàsìt, ọmọ Alàájì Àmúdà tó ń ta aṣọ ní Kalley, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n ti mú ọjọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ará Ìlọrin. Bí wọ́n tilẹ̀ ti wà nílẹ̀ òkèèrè fún ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn ò ní ṣàì wádìí kí wọ́n tó so ọmọ pọ̀. Agboolé wo ni? Ta ló bí bàbá? Iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe nílé wọn? Alàájì ti fóònù sí Ìlọrin, wọ́n sì ti jẹ́rìí fún un pé ọmọ agboolé gidi ni bàbá Ìlhàm. Inú rẹ̀ dùn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ìyá tó bí ìyá Hàwáù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Rùqáyyà lorúkọ ìyá náà. Ẹrú ni. Ẹ má yíjú, mo ní ẹrú ni! Wọ́n rà á nígbà tí kò tíì pa eyín dà, kò mọ ìlú rẹ̀, kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Òun ló ru ẹrù ìyàwó olówó rẹ̀ láti Ìlọrin dé Niamey, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn ín. Ìgbà tí ìyàwó yẹn kú síbí ni baálé dá Rùqáyyà sílẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ, ó bí ìyá Hàwáù fún un. Baálé náà kú. Rùqáyyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà tí wọ́n ń pè ní kóósáì níbí, ìdí kóósáì yẹn ló ti tọ́ Hàwáù dàgbà. Ìyá Kóósáì ni gbogbo Kalley ń pè é. Àràárọ̀ ni mo ń jẹ kóósáì rẹ̀ kí n tó lọ sílé kéwú, bí n ò bá sì ní owó lọ́wọ́, á ní kí n máa jẹ, kí n máa lọ. Ọmọ pọ̀ nídìí iná rẹ̀ débi pé ẹni tó mọ̀ pé Hàwáù ni ọmọ ọmọ rẹ̀ ò pọ̀, ẹni tó mọ̀ pé ẹrú ni rí ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kú tán. Ó ku èmi àti Hàwáù.

Abíọ́lá ló wá da omi rú. Ọmọ àbúrò Hàwáù ni, ó kàwé Faransé débi pé Yorùbá rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó gbé fóònù sí iwájú Hàwáù lórí àtẹ, ó ní, "Tàńtí," bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ eléfaransé ń pe àǹtí, "Tàńtí, sọ ìtàn Ìyá fún mi. Mo máa fi ṣe ìwé."

Ẹ ò ní gbàgbọ́, Hàwáù sọ gbogbo rẹ̀! Ó sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tí Abíọ́lá lọ tán, mo ní, "Hàwáù, ṣé orí rẹ pé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣebí Faransé ló fẹ́ fi kọ ọ́. Ta ni nínú wa ló ń ka ìwé Faransé?"

Kí n má parọ́, mo rò ó, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Faransé tí àwa oníṣòwò Yorùbá mọ̀ nílùú yìí ò ju ti àwọn agbowó-orí àti ti ọlọ́pàá lọ. Ìwé náà jáde. Abíọ́lá pa orúkọ Rùqáyyà dà, ó pè é ní Zuhrah, ó sì pa orúkọ baálé dà. Hàwáù wé ẹ̀dà tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó tì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí. Ìlhàm kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé àròsọ ni. Fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan.

Àfi bí Abíọ́lá ṣe yọ sí wa lọ́jà ní oṣù tó kọjá, tó ń fò sókè. Wọ́n ti fi ìwé òun ṣe fíìmù. Wọ́n á gbé e jáde ní ọjọ́ Àìkú, nínú gbọ̀ngàn kan ní Yantala, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé.

Hàwáù ní, "Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àbí?"

"Rárá o, Tàńtí! Yorùbá ni. Yorùbá àti Zarma. Kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ."

Ìṣápá tó ń wọ̀n lọ́wọ́ dà sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ṣé ẹ fi ti òṣùká sí i?"

"Wúì, bẹ́ẹ̀ ni! Ibẹ̀ ló dára jù."

Ọ̀rọ̀ òṣùká yìí ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ìyá Kóósáì ò fi òṣùká ru nǹkan kan rí láyé ẹ̀. Ìbáà jẹ́ agbada òróró, ìbáà jẹ́ agbọ̀n ẹ̀wà, orí lásán ló fi ń rù ú, gbogbo Kalley sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Hàwáù nìkan ló sọ ìdí rẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìlọrin, orí rẹ̀ ń dùn ún, ó tọrọ àkísà lọ́wọ́ ìyàwó olówó rẹ̀ kó fi ká òṣùká. Obìnrin yẹn ní aṣọ ò sí fún orí ẹrú. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá dá a sílẹ̀, ẹnì kan fi òṣùká tuntun ta á lọ́rẹ. Ó jù ú sínú iná. Ó ní òun ti rù ú dé ibi tí òun ń lọ láìsí i. Ẹni tó bá gbé Kalley láyé ìgbà yẹn, tó sì rí ibẹ̀ nínú fíìmù, kò ní béèrè ẹni tí Zuhrah jẹ́ mọ́.

Hàwáù bẹ Abíọ́lá. "Ọmọ mi, bá mi yọ ibẹ̀ kúrò. Nítorí Ọlọ́run."

"Tàńtí, fíìmù ti parí. Kí ló wà níbẹ̀? Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó lẹ́wà."

Inú bí mi. Mo ní, "Ó lẹ́wà fún ọ, ìwọ tó ti gbéyàwó tán! Kúrò níwájú wa kí n tó da ilá lù ọ́." Ó lọ. Kò bínú, kò sì lóye ohun tó ṣe. Èyí tó wá burú jù ni pé Àbdùlbàsìt ti gba àyè fún gbogbo ilé bàbá rẹ̀ ní gbọ̀ngàn náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ló kọ ìwé náà, àwọn gbọ́dọ̀ lọ yẹ́ ẹ sí.

Oúnjẹ ò wọ Hàwáù lọ́fun mọ́ láti ọjọ́ náà. Á bu tùwó, á rò ó káàkiri àwo, á sì gbé e fún mi.

Ọjọ́ Àìkú pé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, gbọ̀ngàn kún. Ooru mú, fáànù mẹ́rin ń pariwo lókè láìfẹ́ atẹ́gùn. Obìnrin lápá òsì, ọkùnrin lápá ọ̀tún. Lápá tiwa níwájú ni Alàájà Ùmmúkùlsùm jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n Alàájì Àmúdà ni, ó ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Kalley ni òun náà ti ṣe kékeré. Mo rí i bó ṣe ń nu awò ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn, mo sì mọ̀ pé wàhálà wà.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra ọmọ kékeré yẹn, àwọn obìnrin ń pòṣé. Ọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ìlọrin wo ló ń ra ènìyàn? Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wa!" Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó, àfìgbà tí wọ́n fà á láṣọ. Nígbà tí wọ́n ń rìn nínú aṣálẹ̀, ọmọ kan kígbe, "Ẹ wo ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn ràkúnmí!" Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀ gbangba. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún rántí, mo dákẹ́. Hàwáù ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ibi òṣùká dé. Ọmọbìnrin tó ṣe Zuhrah mọ eré ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Kò sunkún. Ó kàn wo òṣùká náà, ó jù ú sínú iná, ó gbé agbada lérí lásán, ó sì rìn lọ. Alàájà Ùmmúkùlsùm dìde dúró láàárín gbogbo ènìyàn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Háà," ó sì rọra jókòó padà.

Hàwáù sọ sí mi létí pé, "Ó ti mọ̀. Ànísátù, ó ti mọ̀."

Nígbà tí a jáde síta, ẹnu ò kò. Àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún Abíọ́lá, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Àwọn obìnrin kan ń nu ojú. Mùsíọ̀ Àbdùlmàlíkì tó ń kọ́ ọmọ ní Faransé ń bínú, ó ní wọ́n ti gé ìdajì ìwé dànù, nínú ìwé Zuhrah ò fi ọkàn fẹ́ baálé yẹn, kí ló dé tí wọ́n ń fi orin sí i? Àwọn àgbàlagbà oníṣòwò ní ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi Ìlọrin ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn Zarma tó ni ìlú. Alfa Nurain wá tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó ní nínú ẹ̀sìn, ẹrú tí wọ́n bá ti dá sílẹ̀, ọmọlúàbí ni bíi gbogbo ènìyàn, kò sí ìtìjú kankan. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Ni obìnrin kan bá bi í léèrè, "Alfa, ṣé ẹ máa fi ọmọ yín fún ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀?" Alfa húkọ́. Ó ní ó tó àkókò ìrun Mọ̀gàríbà. Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ṣì wà lókè gan-an!

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò ṣeé sọ tán. Ibi òṣùká yẹn wà lórí Wasáàpù gbogbo ayé. Oníbàárà á dé, á fọwọ́ kan ìṣápá, á ní, "Ìyá Ìlhàm, ọmọ yín ló kọ ọ́, àbí? Ta wá ni obìnrin yẹn gan-an?" Hàwáù á ní, "Àròsọ ni." Tí ẹlòmíràn bá tún béèrè, "Àròsọ ni." Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ń wọn atalẹ̀ fún ẹni tó ní ìṣápá lòun fẹ́. Ìlhàm ní kí ìyá òun lọ rí dókítà, ìyá rẹ̀ ní ooru ni.

Ní ọjọ́rú, Àbdùlbàsìt fóònù. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Bàbá ní kí ẹ wá bá àwọn lọ́la lẹ́yìn Alásárì. Alàájà ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ bi yín."

Hàwáù gbé fóònù sílẹ̀ sórí ìṣápá. "Wọ́n fẹ́ já a," ló ní. "Wọ́n fẹ́ já yìgì ọmọ mi. Kí ni màá sọ fún un? Pé nítorí ìyá mi àgbà?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ní gbangba ọjà, kò sì bìkítà. "Tí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́? Kí n kàn sọ ọ́, kí n sinmi?"

Èmi ni mo sọ ohun tó tẹ̀lé e, ẹ má wá ẹlòmíràn tí ẹ máa bú. Mo ní, "Òótọ́ wo? Ìyá Kóósáì ti kú, kò ní gbọ́. Ìlhàm wà láàyè. Sẹ́ ẹ. Tètè sẹ́ ẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ." Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ.

A dé ilé Alàájì ní Kalley. Ilé náà mọ́, wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti gbé omi tútù síwájú wa. Alàájì jókòó lórí àga, Alàájà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. A kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dá wa lóhùn dáadáa, ìyẹn gan-an ló tún bà mí lẹ́rù.

Alàájì tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ó ní, "Ìyá Ìlhàm, ẹ má bínú pé a yọ yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ fíìmù yìí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ Àìkú. Ó ní obìnrin inú ẹ̀—"

"Wọlọ́hì, Alàájì, a ò mọ̀ ọ́n," ni Hàwáù wí. Kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Kò sí nínú ẹbí wa. Ọmọdé ló jókòó tó ń fi Faransé kọ nǹkan tó wù ú. Mo fi Ọlọ́run búra."

Alàájì mí kanlẹ̀. Ó rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn lórí àga, ó ní, "Alihamudulilahi. Ó tán. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín náà nìyẹn, kí àwọn ènìyàn yé rò mí lẹ́jọ́." Mo fọwọ́ kan Hàwáù lẹ́yìn. Mo rò pé a ti bọ́.

Alàájà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n," ló ní. "Ó dáa. Mo ti ń retí ohun mìíràn ni. Ìyá Kóósáì ni obìnrin tó wà nínú fíìmù yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí yírùnyírùn jà nílùú yìí. Ó mú mi. Ọrùn mi gan, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn mí, ìyá mi pàápàá, torí pé oyún wà nínú rẹ̀. Obìnrin yẹn ló pa iná kóósáì rẹ̀, ó pọ̀n mí dé ọsibítù. Ó bá mi gbé ibẹ̀ títí mo fi lè gbé orí sókè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Rùqáyyà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kọ́ ni mí. Oníbàárà rẹ̀ tó ń ra kóósáì ni mí."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ìyá mi sọ fún mi nígbà tó yá pé ẹrú ni. Ó ní kí n má wí fún ẹnikẹ́ni, torí òun ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹrú ló pọ̀n ọmọ òun. Mi ò wí. Ojú ń tì mí títí di òní olónìí. Nígbà tí mo rí i nínú fíìmù, mo ní, àwọn ẹni tó ni ọmọ tó kọ ìwé yìí ni mo fẹ́ fi ọmọ fún! Mo sọ fún àbúrò mi yìí pé, bí Ìlhàm bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo fẹ́ kí alfa pe orúkọ Rùqáyyà síta níbi yìgì, níṣojú gbogbo Ìlọrin, kí wọ́n gbọ́ ọ. Èmi ni màá dúró tì í."

Mo wo Alàájì. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń wò. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ ohun tó wà ní inú ọkùnrin yẹn, bóyá ì bá ti gbà, bóyá kò ní gbà.

Hàwáù la ẹnu. Mo rí i tó la ẹnu. Àmọ́ ó ti fi Ọlọ́run búra lórí ẹní àwọn àna rẹ̀, ojú ìṣẹ́jú márùn-ún ò tíì kọjá. Báwo ni èèyàn ṣe ń kó ìyẹn padà? Ó pa ẹnu dé. Ó ní, "Ọlọ́run á forí jì í, Alàájà."

"Àmín," ni Alàájà wí. "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bà yín nínú jẹ́. Ìyàwó wa ni Ìlhàm, kò sí nǹkan tó yẹ̀. Àmọ́ ọmọ Kalley ni ẹ̀yin méjèèjì. Mo wà ní ilé ọkọ ní Kútọ́nù nígbà tí obìnrin yẹn kú. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí? Mo fẹ́ lọ ṣe àdúà níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó kọ̀."

Itẹ́ òkú Yantala ni wọ́n sin ín sí. Kò jìnnà sílé Hàwáù rárá. Lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé, èmi àti Hàwáù la jọ máa ń lọ tu koríko ojú oórì náà, a ó wọ́n omi sí i, a ó sì jókòó níbẹ̀ díẹ̀.

Hàwáù mi orí pé òun ò mọ̀ ọ́n. Alàájà bá kọjú sí mi, ó ń dúró de ohun tí màá sọ. Mo ní èmi náà ò mọ̀ ọ́n.